Títì tó já àti títì tí kò já: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè nípa bí ìlú ṣe ń fẹ̀ n'Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀, àwọn tó ń tà á, àtàwọn tó ti kọ́lé tán tí wọ́n wá ń wá ibi tí wọ́n máa gbà jáde. A kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ẹni tó bá ń kánjú kó yáa sáré lọ sí èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó, àwọn tó kù lè rọra máa kà á bọ̀.

Kí lẹ tiẹ̀ ń pè ní títì tó já?

Títì tó já ni èyí tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ẹ̀ wọlé tẹ́ ẹ máa rí ibòmíì jáde sí láì padà sẹ́yìn. Èyí tí kò já, ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé náà lẹ máa gbà jáde, iwájú ẹ̀ á jẹ́ fẹ́ǹsì ẹnìkan, tàbí oko ẹ̀gẹ́, tàbí àbàtà. Nínú ẹ́sítéètì wọ́n máa ń kọ "Close" sára pátákó ẹ̀ kó lè dún bíi ti olówó, kò já náà ni o. Àdúgbò tí títì ẹ̀ já síra wọn dà bí àwọ̀n, bí ibì kan bá dí, ẹ yà síbòmíì. Èyí tí kò já dà bí igi, ẹ̀ka kan ò mọ ẹ̀ka kejì, ẹni tó bá fẹ́ ti orí ẹ̀ka kan bọ́ sórí òmíì àfi kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí igi, ìdí igi yẹn sì ni express tàbí títì ńlá tí gbogbo wa jọ ń há sí láràárọ̀.

Ṣé wọ́n lè wọ̀n ọ́n ni, àbí ojú lásán la fi ń wò ó?

Wọ́n ń wọ̀n ọ́n dáadáa, kò sì le. Ẹ ka oríta. Oríta mẹ́rin, ẹ kọ 4. Oríta mẹ́ta, ẹ kọ 3. Ibi tí títì ti pin, ẹ kọ 1. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ fi iye ibi tẹ́ ẹ kà pín in. Ká ní layout kan ní títì kan tó gba àárín, ọ̀nà 6 yà lára ẹ̀ síhà kan, kò sí èyí tó já nínú wọn, títì àárín náà sì pin sí iwájú. Oríta mẹ́ta 6 nìyẹn, ibi tó pin 7. Ẹ ṣe é, kò tó 2. Ó burú nìyẹn. Ẹ wá fa títì ẹ̀yìn kan ṣoṣo kó so ìpẹ̀kun àwọn ọ̀nà 6 yẹn pọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 3 nìyẹn, títì kan péré ló ṣe é.

Wọ́n tún máa ń wo bí ìrìn ṣe lọ́ tó, ìyẹn ni pé ẹ mú jíjìn tí ẹsẹ̀ máa rìn kẹ́ ẹ fi jíjìn tí ẹyẹ máa fò pín in. Ìlú tí títì ẹ̀ gún régé lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi yòówù kẹ́ ẹ máa lọ nínú ẹ̀, ìrìn yín kò lè ju nǹkan bí ìgbà 1.4 jíjìn tí ẹyẹ máa fò lọ. Ní àwọn ibi tuntun tí a ń kọ́ yìí, mo ti rí ilé méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn, aṣọ tí wọ́n sá síta fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn, síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ lọ kí aládùúgbò ẹ̀ á gun ọ̀kadà.

Ayé àtijọ́ ńkọ́, ṣé títì àwọn bàbá wa já?

Ó já gan-an, ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn ṣe é fún. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde, ní Pòrogun, ní Ìwádé, ní Ìjàsí, ẹ lè gba ẹ̀yìnkùlé kan yọ sí iwájú ilé ìkejì, kẹ́ ẹ kí bàbá tó jókòó síta, kẹ́ ẹ yọ sójà, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ. Ó dáa, wọ́n á bi yín, torí Ìjẹ̀bú ni wá, ṣùgbọ́n wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹni tó bá wo àdúgbò yẹn nínú máàpù tó jẹ́ pé títì mọ́tò nìkan ló wà níbẹ̀ á ní kò sí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Àwọn títì ńlá wá ń jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n lọ: Ìbàdàn Road, Èjìnrìn Road. Èjìnrìn lẹ́bàá ọ̀sà ni ọjà tí ẹrù Èkó ń gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó di pé mọ́tò dé, kò yani lẹ́nu pé ó ní títì tiẹ̀. Gbogbo wọn ló dorí kọ àárín ìlú. Ìyẹn dáa nígbà tó jẹ́ pé àárín ìlú ni gbogbo ayé ń lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń ti ìpẹ̀kun kan lọ sí ìpẹ̀kun kejì lónìí, àárín kan náà yẹn lẹ máa gbà, pàápàá tó bá bọ́ sọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ yáa fi mọ́tò sílé.

Ti Ṣágámù yàtọ̀. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1872, kálukú gbé orúkọ ìlú ẹ̀ wá, títí dòní Òfin, Màkún, Ìjọkù, Ṣónyìndó, gbogbo wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe kóra jọ, wọ́n fẹ́ máa rí ara wọn. Àwọn layout wa ìsinsìnyí náà ń kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àmọ́ wọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú.

Kí ló dé tí àwọn ibi tuntun kì í fi já síra wọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìjọba nìkan ló fà á. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, síbẹ̀ ọwọ́ ẹbí lọ̀pọ̀ wa ti ń ra ilẹ̀, ilẹ̀ ẹbí yẹn sì jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Oko kì í ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, ó lè tẹ́ẹ́rẹ́ kó gùn láti ẹ̀bá títì dé odò. Ọjọ́ tí ẹbí bá fẹ́ tà á, wọ́n á pe sọ̀fíyọ̀, sọ̀fíyọ̀ á fa títì kan láti títì ńlá gba àárín oko lọ, tó bá dé ààlà yóò dúró, torí ọ̀dọ̀ ẹbí tó kàn ni iwájú, kò sì sẹ́ni tó sanwó fún un pé kó lọ bi wọ́n níbi tí tiwọn máa gbà. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹbí kejì máa tà, wọ́n á fa tiwọn láti ìhà kejì, títì méjèèjì á wá pàdé síbi fẹ́ǹsì kan, tàbí kí wọ́n ṣìnà ara wọn ní ìdajì pílọ́ọ̀tì. Ó tán. Títí ayé ni.

Owó tún wà ńbẹ̀. Pílọ́ọ̀tì tiwa níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120. Títì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30 tó bá fẹ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹbí kejì á jẹ ìdajì pílọ́ọ̀tì. Owó ìdajì pílọ́ọ̀tì yẹn ni gbogbo àdúgbò máa wá fi ọgbọ̀n ọdún san, lọ́wọ́ ọ̀kadà, lọ́wọ́ bẹntiróòlù, lọ́wọ́ bàtà. Ẹni tó ń tà kì í gbé ibẹ̀, ẹni tó ń rà sì ń wo pílọ́ọ̀tì tiẹ̀ nìkan, ta ló máa wá gbèjà títì?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Èkó wá dé. Express Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló sọ Ṣágámù di ibi tí ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Benin ti pàdé, látìgbà náà ni ilé ti ń tẹ̀lé express bí ẹní tẹ̀lé olórí ọdẹ. Ògijo, ti Rẹ́mọ ni, àmọ́ Ìkòròdú ló ń fẹ̀ wọ inú ẹ̀. Títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n ṣí ní January 2022, ẹ lọ wo pátákó "ilẹ̀ wà fún títà" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́ tí oko wà láàárín wọn ń fẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ ara wọn, yunifásítì wà ńbẹ̀, pápákọ̀ òfurufú wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń fo oko méjì mẹ́ta lọ síwájú kó tó kọ́lé, ni ìlú á bá fẹ̀ káàkiri láì kún, ilé kan níbí, igbó, ilé méjì lọ́hùn-ún, opó iná tó yẹ kó gbé iná fún ilé mẹ́wàá ń gbé e fún ilé kan.

Ṣé àwa nìkan ni, àbí bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun?

Ó tiẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́ wọn jù wá lọ. Ayé kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlú, títì tó gún tó sì dábùú ara wọn ló máa kọ́kọ́ fà. New York fa ti Manhattan sórí ìwé ní 1811 nígbà tí ibẹ̀ ṣì pọ̀ ní oko, Barcelona ṣe tiẹ̀ ní 1859, La Plata ní Argentina ní 1882. Ìgbà tó di 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Radburn ní New Jersey, wọ́n yà á sí àwọn títì kúkúrú tí kò já, kí mọ́tò má baà máa sáré kọjá níwájú ọmọdé. Èrò yẹn ò burú rárá, wọ́n tiẹ̀ ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sẹ́yìn ilé fún wọn. Àwọn tó wá ń dà á kọ lẹ́yìn ìgbà náà mú títì tí kò já, wọ́n fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1930 lọ, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró owó ilé náà ń sọ fún àwọn kọ́lékọ́lé pé irú títì bẹ́ẹ̀ làwọn fẹ́.

Àwọn tó fi OpenStreetMap, ìyẹn máàpù ayé tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀nà sí, àti àwòrán sátẹ́láìtì ka oríta káàkiri ayé rí i pé ní Amẹ́ríkà, títì tuntun ń burú sí i títí di nǹkan bí 1994, ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sàn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó kù láyé, láti 1975 wá, títì tuntun ò já síra wọn tó ti tẹ́lẹ̀, ẹ́sítéètì onígéètì sì wà lára ohun tó fà á, pàápàá ní apá Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Argentina, Peru, Bolivia ṣì ń fa títì tó dábùú ara wọn. Jámánì àti Denmark ló dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ka títì mọ́tò nìkan wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ta yọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá ka ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn lẹ máa rí i pé gbogbo ẹ̀ já.

Títì tí kò já, kí ló fi ń dùn wá gan-an?

Ọmọ tó yẹ kó fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé á gun ọ̀kadà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ láàárọ̀ á pàdánù oníbàárà ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Páìpù omi àti wáyà iná á gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí iná bá sọ (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sọ), mọ́tò panápaná tó bá ṣìnà yà á ní láti fi ẹ̀yìn rìn jáde. Tí tírélà bá ṣubú sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà, gbogbo àdúgbò wà látìmọ́lé di ọ̀sán. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibi tí títì ò bá ti já síra wọn, àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń ní mọ́tò jù, wọ́n máa ń wà á jù, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ní tiwa, ẹni tí kò lówó mọ́tò ló ń jìyà ẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n títì tí kò já dákẹ́ rọ́rọ́, olè ò sì rí ibi sá gbà. Ìyẹn ńkọ́?

Òótọ́ wà ńbẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn lórí ariwo mọ́tò. Ti olè ni mi ò gbà délẹ̀délẹ̀. Ibi tí èèyàn kì í ti í kọjá, ta ló máa rí olè? Ojú aládùúgbò, ìyá oníbúrẹ́dì, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn lọlọ́dẹ tí ẹ ò sanwó fún. Àwọn bàbá ńlá wa mọ ààlà ṣe, odi àti yàrà àtijọ́ tí à ń pè ní Erédò Sùngbọ́ gùn tó nǹkan bí 160 km, gbogbo ilẹ̀ ló yí ká, kì í ṣe ilé lágbájá nìkan. Tiwa lónìí, pílọ́ọ̀tì kan, fẹ́ǹsì kan, géètì kan, àgádágodo mẹ́ta.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kẹ́ ẹ dí mọ́tò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọjá. Houten ní ilẹ̀ Netherlands ṣe é bẹ́ẹ̀: mọ́tò tó bá ń ti àdúgbò kan lọ sí òmíì á jáde lọ sí títì tó yí ìlú ká, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ á gba àárín ní tààrà. Òpó irin méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ nílò. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá tiẹ̀ fẹ́ ti géètì lóru, ẹ ṣáà ṣí i lójúmọmọ.

Ṣé ìjọba ò lè wá ṣí i lọ́jọ́ iwájú ni?

Ó lè ṣe é, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e. Ilé a máa wó, títì kì í kú. Nígbà tí iná jó London ní 1666, àwọn ọ̀mọ̀ràn gbé àwòrán ìlú tuntun wá, títì gbàgede, gbogbo ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kálukú ní ibi tí ilẹ̀ tiẹ̀ wà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo ẹ̀ kọ́ sójú títì àtijọ́. Bákan náà ni San Francisco lẹ́yìn ilẹ̀ ríri àti iná ọdún 1906. Ìlú tó jóná pátá ò lè yí títì ẹ̀ padà, ẹ wá rò ó wò bóyá ti yín tí kò jóná, tí ilé alájà méjì wà lórí ibi tó yẹ kó já, máa rọrùn. Wọ́n á fi àmì X pupa sára ilé, onílé á lọ sí kóòtù, ọmọ ọmọ wa á bá ẹjọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìgbà tó ṣì jẹ́ oko nìkan ni títì kò wọ́n.

Tí wọ́n bá fẹ̀ express sí i, ṣé ìyẹn ò ní yanjú ẹ̀?

Rárá. Ìdí igi lẹ fẹ̀, ẹ̀ka ò tíì so pọ̀ síbẹ̀.

Mo fẹ́ ra ilẹ̀. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ rìn dé ibi tí títì pin sí, ẹ má jókòó sínú mọ́tò ajẹ́ńtì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi í pé ta ló ni iwájú, ṣé wọ́n ti gé e, níbo ni títì tiwọn máa gbà. Tó bá ní "ó máa já láìpẹ́," ẹ ní kó fi hàn yín nínú layout, kó má jẹ́ ẹnu lásán, torí ẹnu ajẹ́ńtì já dé Cotonou. Ẹ ka iye ibi tẹ́ ẹ lè gbà jáde láti pílọ́ọ̀tì yẹn dé títì ńlá. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ dín owó tẹ́ ẹ fẹ́ san kù, tó bá sì jẹ́ pé ibi tí omi òjò ń gbà ni ẹyọ kan yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá lóṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sójà tó súnmọ́ jù, kẹ́ ẹ wo aago.

Ẹbí wa fẹ́ gé oko wa. Kí la máa sọ fún sọ̀fíyọ̀?

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Kó tó fa ohunkóhun, ẹ rán an lọ gba layout tí wọ́n ti ṣe lọ́tùn-ún lósì yín, kó sì fi títì yín ko títì wọn lójú. Níbi tí wọn ò bá tíì gé, ẹ jẹ́ kí títì yín dé ààlà gan-an ní ó kéré tán ibi méjì, ẹ má ta ojú títì yẹn fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé títì ni. Ní gbogbo ibi tí ìlà ilé bá ti gùn jù, ẹ fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láàárín pílọ́ọ̀tì méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó.

Èyí tó dáa jù lọ ni pé kí ẹbí méjì tàbí mẹ́ta pa ilẹ̀ pọ̀, kí wọ́n fa títì sí i bíi pé ẹnìkan ló ni ín, kálukú á wá gba pílọ́ọ̀tì tiẹ̀ padà bí ilẹ̀ tó mú wá ṣe tó. Ilẹ̀ yín á kéré díẹ̀, owó orí ẹ̀ á pọ̀ sí i. Japan ti fi ọ̀nà yìí kọ́ ibi tó pọ̀ gan-an nínú àwọn ìlú wọn, Frankfurt ní Jámánì náà sì ní òfin tiẹ̀ láti 1902. Mo mọ̀ pé ìpàdé ẹbí kan ṣoṣo ti le tó, ká má tíì sọ ti mẹ́ta, bàbá kan á ṣáà rántí ìjà ààlà tó ti wà kí wọ́n tó bí i. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ náà.

Àwa ti kọ́lé tán, a ti wà nínú ẹ̀. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́ tán. Ẹ wá pílọ́ọ̀tì kan tí wọn ò tíì kọ́ láàárín ẹ̀yin àti títì kejì. Ẹgbẹ́ àdúgbò méjèèjì lè dáwó ra ìdajì ẹ̀, tàbí kí wọ́n bẹ onílé igun kó fa fẹ́ǹsì ẹ̀ sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí èèyàn àti ọ̀kadà lè kọjá. Afárá onípákó lórí gọ́tà ńlá náà ti so àdúgbò méjì pọ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹni tó gbà lónìí lè ta ilé ẹ̀ lọ́la, ẹni tó rà á ò ní mọ̀ pé ẹ jọ sọ nǹkan kan.

Google Maps ò gbé ọ̀nà wa rárá, ṣé ó já mọ́ nǹkan kan?

Ó já mọ́ ọn, torí ọ̀nà tí kò bá sí lórí máàpù, àwọn tó ń ka oríta ò ní kà á, ẹni tó ń wá ilé yín náà ò ní rí i. OpenStreetMap gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ọ̀nà sí i lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù tó ní GPS tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fi sí i bóyá ti mọ́tò ni tàbí ti ẹlẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi géètì sí i tó bá wà, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n máa ń tì í.